Ẹ ra sọ́pọ́ọ̀tì tó máa dá yín lóhùn lọ́jọ́ tí sáfà open source yín bá dákú

Àwọn tó ń ra sọ́pọ́ọ̀tì fún sáfà wọn pọ̀, àwọn tó ń rí i lò lọ́jọ́ wàhálà ni ò pọ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ètò tí ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ fi ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀ dákẹ́ lójijì. Rìsíìtì sọ́pọ́ọ̀tì wà nínú fáìlì lóòótọ́. Àmọ́ ímeèlì tí wọ́n fi rà á jẹ́ ti ọmọ IT tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó so sáfà mọ́ ohun tí wọ́n rà, ohun tí wọ́n rà gan-an kò sì fún wọn láṣẹ láti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan.

Iṣẹ́ bí ọjọ́ méjì ló ń bẹ nínú títún gbogbo èyí ṣe. Ilé ìwòsàn yẹn la máa fi ṣe àpẹẹrẹ dé òpin: ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lo Proxmox (ètò tó ń pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀ sáfà), Ubuntu 22.04 (Linux tí ilé-iṣẹ́ Canonical ń ṣe) nínú rẹ̀, PostgreSQL 14 (dátábéèsì) àti nginx (ètò tó ń gbé ojú ìwé ìkànnì jáde) lórí Ubuntu ọ̀hún. Open source ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé kóòdù wọn wà ní gbangba.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó lè lo sudo (àṣẹ alábòójútó) lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.
- Ímeèlì tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, tí èèyàn méjì lè ṣí.
- Èèyàn méjì tí ẹ yàn láti máa bá olùtajà sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ò tó. Ọjọ́ tó bá lọ sí òde ìnáwó l'Ọ́yọ̀ọ́ ni sáfà máa kú.
- Ààyè tó ṣófo lórí díìsìkì, ó kéré tán GB 5, àti dátà tó lè gbé fáìlì ńlá lọ.
- Bébà àti bíró. Àwàdà kọ́.

## 1. Ẹ bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ má gbára lé ohun tí ẹni tó tò ó sọ. Lórí Ubuntu, ẹ tẹ:

```
cat /etc/os-release
uname -r
psql --version
apt policy postgresql-14
```

Ìlà tó ní ìràwọ̀ mẹ́ta (`***`) nínú èsì ìkẹyìn àti àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò dáadáa. Bí ẹ bá rí archive.ubuntu.com, PostgreSQL yẹn ti ọ̀dọ̀ Canonical wá, sọ́pọ́ọ̀tì Ubuntu sì lè bò ó. Bó bá jẹ́ apt.postgresql.org, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe PostgreSQL gan-an ló ti wá, Canonical ò sì ní dá sí i. PostgreSQL kan náà ni lójú yín. Lójú àdéhùn, méjì ni.

Lórí Proxmox, ẹ tẹ `lscpu | grep -i socket`. Ẹ má tẹ èyí nínú Ubuntu tó wà nínú Proxmox o. Iye tí wọ́n yà fún un lásán ló máa kà, iye tí ẹ máa san fún Proxmox sì wà lórí ihò CPU (socket, ibi tí wọ́n ki CPU bọ̀) tó wà lára ẹ̀rọ ní tòótọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù ni ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ olùtajà kì í fi owó lásán gba ẹ̀dà tó ti kọjá ìgbà rẹ̀. CentOS 7 parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2024. MySQL 5.7 parí ní oṣù kẹwàá 2023. PostgreSQL 13 parí ní oṣù kọkànlá 2025. 14 tí ilé ìwòsàn wa ń lò máa parí ní oṣù kọkànlá 2026, nítorí ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fún ẹ̀dà ńlá kọ̀ọ̀kan. Ubuntu 20.04 ti jáde nínú ìtọ́jú ọ̀fẹ́ láti 2025. Ubuntu 22.04 ṣì ní títí di 2027, Ubuntu Pro (ìtọ́jú àfikún ti Canonical) sì lè fà á dé ọdún mẹ́wàá lápapọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ ìlà kan fún ohun kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ, ẹ̀dà, ibi tó ti wá, àti ọjọ́ tó máa parí. Bí ibì kan bá ṣì ṣófo, tàbí ẹ bá rí ohun tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sínú /opt tàbí /usr/local, ẹ má tíì sanwó.

## 2. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń rà nínú mẹ́ta

Orúkọ kan náà ni àwọn olùtajà ń pe ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra:

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ láti gba àtúnṣe. Èkejì ni ẹ̀tọ́ láti béèrè ìbéèrè kí ẹnì kan sì dáhùn. Ẹ̀kẹta ni kí ẹnì kan wọlé sínú sáfà yín kó sì bá yín tún un ṣe.

Owó kékeré sábà máa ń ra àkọ́kọ́ nìkan. Ubuntu Pro ọ̀fẹ́ tó gba ẹ̀rọ 5, àtúnṣe ló wà fún. Kò sẹ́ni tí ẹ máa pè. Kódà ẹ lè sanwó fún Ubuntu Pro kí ẹ má sì ní sọ́pọ́ọ̀tì, àyàfi tí ẹ bá fi owó rẹ̀ kún un. Red Hat, ilé-iṣẹ́ Linux mìíràn, ní èyí tí wọ́n ń pè ní Self-Support: kò sí tíkẹ́ẹ̀tì (ìbéèrè tí ẹ kọ sí olùtajà, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀) níbẹ̀. Ti Proxmox tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Community náà, tíkẹ́ẹ̀tì òdo. Kò burú láti rà wọ́n o, àtúnṣe tó ṣeé fọkàn tán tó owó tí wọ́n ń gbà. Ohun tó burú ni kí ọ̀gá rò pé òun ti ra ẹni tó máa wá.

Ẹni tó mọ Linux n'Ìbàdàn tàbí ní àyíká LAUTECH wúlò gan-an fún ẹ̀kẹta: ó lè gun ọkọ̀ wá pààrọ̀ díìsìkì. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé inú kóòdù PostgreSQL fúnra rẹ̀ ni àìsàn wà, àfi ilé-iṣẹ́ tó ní àwọn tó ń kọ ọ́, bíi EDB. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń yan owó fún ilé-iṣẹ́ kékeré, màá fi owó ńlá sí dátábéèsì, màá fi díẹ̀ sí ìyókù. nginx tó bá kú, wọ́n lè tún un gbé kalẹ̀ ní ìdajì wákàtí; ìwé aláìsàn ọdún mẹ́fà ò ṣeé tún kọ.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ímeèlì bi olùtajà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Pẹ̀lú owó yìí, tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ni a lè kọ lọ́dún?” Ẹ tọ́jú ìdáhùn náà.

## 3. Ẹ ka wákàtí inú àdéhùn bí ẹni ń ka owó

Ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í ṣe àtúnṣe. “Wákàtí mẹ́rin” túmọ̀ sí pé láàárín wákàtí mẹ́rin, ẹnì kan máa kọ̀wé padà. Ó lè jẹ́ “ẹ fi lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe) ránṣẹ́” péré ló máa kọ.

Ẹ wo Proxmox. Basic: tíkẹ́ẹ̀tì 3 lọ́dún, ìdáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan. Standard: tíkẹ́ẹ̀tì 10, wákàtí 4 láàárín ọjọ́ iṣẹ́. Premium: tíkẹ́ẹ̀tì tí ò níye, wákàtí 2 láàárín ọjọ́ iṣẹ́. Gbólóhùn “ọjọ́ iṣẹ́” yẹn ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ dání, ọjọ́ iṣẹ́ ti Austria sì ni, nítorí Vienna níbẹ̀ ni Proxmox wà. Aago tiwa kì í yí padà láti January dé December. Tiwọn ń fi wákàtí kan ṣáájú wa láti ìparí March títí di ìparí October.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Oṣù July ni, ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ní Vienna, aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù, wọ́n ti ń gbé báàgì. Pẹ̀lú Standard, ọjọ́ Ajé ni kí ẹ máa retí ìdáhùn. Wákàtí mẹ́rin inú ìwé ti ju ọgọ́ta wákàtí lọ, òfin kankan ò sì sí tí wọ́n rú. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, ìsinmi orílẹ̀-èdè wọn ni. Ọjọ́ Iléyá, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní tiwọn, ẹ lè pè wọ́n.

Red Hat náà pín in bẹ́ẹ̀: Standard wà fún wákàtí iṣẹ́, Premium ló ń dáhùn tọ̀sán-tòru, fún ìpele wàhálà 1 àti 2 nìkan. Ìpele 1 ni pé iṣẹ́ ti dúró pátápátá. Bí ẹ bá kọ “ìpele 1”, ẹni yín kan gbọ́dọ̀ wà nídìí fóònù lóru náà. Bí wọ́n bá pè tí ẹ ò gbé e, wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi ń ka owó: ihò CPU, ẹ̀rọ, tàbí sáfà inú ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn wa ní ihò CPU méjì. Ẹni tó bá san ti ihò kan kò tíì ra nǹkan kan. Bí ẹ̀rọ Proxmox bá sì ju ẹyọ kan lọ nínú àkójọ (cluster), gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà.

Àyẹ̀wò: ẹ mú wàhálà mẹ́ta, ti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ti òru ọjọ́ Àìkú, kí ẹ kọ aago tí ìdáhùn máa dé, ní aago Nàìjíríà. Ẹ gbé e fún ọ̀gá kó fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

## 4. Owó àti orúkọ

Ẹ fi ímeèlì ilé-iṣẹ́ rà á. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ IT fi Gmail ara rẹ̀ ṣe é, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó.

Bó bá jẹ́ dọ́là tàbí yúrò tí ẹ fẹ́ gba báǹkì san lọ́nà ìjọba, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Báǹkì máa gba Form A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó òkèèrè. Òfin tún ní kí àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ òkèèrè di fíforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOTAP (àjọ ìjọba tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ láti òkèèrè) láàárín ọjọ́ 60 tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń tà á ní náírà níbí á gbé ìyẹn kúrò lọ́rùn yín, àmọ́ kó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀.

Àyẹ̀wò: èèyàn méjèèjì tí ẹ yàn wọlé sórí ìkànnì olùtajà, lórí fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì rí ọjọ́ tí sọ́pọ́ọ̀tì máa parí.

## 5. Ẹ so sáfà mọ́ ọn

Lórí Ubuntu: `sudo pro attach` àti tókìn yín (kóòdù tí Canonical fún yín), lẹ́yìn náà `pro status`. Kí ẹ rí “enabled” níwájú esm-infra àti esm-apps, ìyẹn àtúnṣe ààbò ọlọ́jọ́ pípẹ́. Lórí Red Hat: `sudo subscription-manager register`, lẹ́yìn náà `sudo subscription-manager identity`. Lórí Proxmox: `pvesubscription set` àti kọ́kọ́rọ́ yín, lẹ́yìn náà `pvesubscription get`; ó gbọ́dọ̀ sọ pé “active”. Ẹ tún yí ibi tí Proxmox ti ń gba àtúnṣe kúrò ní no-subscription sí enterprise. Ọ̀pọ̀ ló ń sanwó tán tí wọ́n ń gbàgbé èyí. Bí ẹ bá sì tún Proxmox gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀rọ náà máa yí padà, kọ́kọ́rọ́ ò ní gbà mọ́ títí olùtajà yóò fi tú u sílẹ̀.

Aṣiṣe kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. `pro attach` kọ̀, ó ní ìwé ẹ̀rí ìkànnì ò dára. Wọ́n á máa bú íntánẹ́ẹ̀tì. Bátìrì róbótó CR2032 inú ẹ̀rọ ló ti kú. Bí iná bá ti lọ tí ínfátà ò gbé e, aago ẹ̀rọ á padà sí ọdún tó ti kọjá, ìwé ẹ̀rí òní á wá dà bí ohun tí wọn ò tíì tẹ̀ jáde. Ẹ tẹ `timedatectl`. Bí ọdún bá ti ṣìnà, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ bátìrì yẹn, ẹ fi òmíràn sí i.

Àyẹ̀wò: `timedatectl` sọ pé “System clock synchronized: yes”, `sudo apt update` sì parí láìsí ìlà tó ní “Err”.

## 6. Ẹ kọ tíkẹ́ẹ̀tì kan nígbà tí ara sáfà ṣì le

Ìpele tí gbogbo ayé ń fò nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Kódà bí ẹ bá ra Basic tó ní tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré, ẹ ná ọ̀kan sórí ìdánrawò.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sáfà ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó kú. Ẹ tẹ `journalctl -b -1`. Bó bá ní òun ò rí nǹkan kan tó ti kọjá:

```
sudo mkdir -p /var/log/journal
sudo systemctl restart systemd-journald
```

Láìsí èyí, ẹni tó bá pa sáfà tó tún tàn án ti fọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀rí nù.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìròyìn jọ: `sudo apt install sosreport`, kí ẹ tó tẹ `sudo sos report --clean`. Fáìlì náà máa wà nínú /tmp lórí Ubuntu, /var/tmp lórí Red Hat. Fún Proxmox, `pvereport > iroyin.txt` ni.

Ẹ ṣọ́ra níbí. `--clean` ń pa àdírẹ́ẹ̀sì IP àti orúkọ ẹ̀rọ dà. Kò mọ orúkọ aláìsàn. Bí ẹnì kan bá ti tan `log_statement` tàbí `log_min_duration_statement` nínú PostgreSQL, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àìsàn àwọn èèyàn lè ti wọnú lọ́ọ̀gì, fáìlì yín sì máa gbé e lọ sókè òkun. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ò ní gba “a ò mọ̀”. Ẹ tú fáìlì náà, kí ẹ fi `grep -ri` wá orúkọ mẹ́ta tó wọ́pọ̀ lára àwọn aláìsàn yín nínú rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ó wá ku kíkọ. “Sáfà wa ò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè ràn wá lọ́wọ́” máa gba ìdáhùn tó kún fún ìbéèrè, ọjọ́ kan sì ti lọ. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́ sí wọn, àmọ́ bó ṣe yẹ kó tò nìyí:

> Ìpele: 1. Iṣẹ́ ti dúró, kò sí ọ̀nà mìíràn.
> Ìgbà: aago 14:10, UTC+1, lónìí.
> Ibi: Ubuntu 22.04, PostgreSQL 14 láti archive.ubuntu.com.
> Àṣìṣe: PANIC: could not write to file "pg_wal/xlogtemp.4127": No space left on device
> Ohun tó yí padà: lánàá, a pa sáfà kejì tó ń gba ẹ̀dà dátà. A ò yọ slot rẹ̀.
> Ohun tí a ti rí: df -h ní 100%. pg_wal nìkan jẹ́ GB 61 nínú 80.
> Ohun tí a ti ṣe: a ò tíì pa fáìlì kankan rẹ́.
> Ohun tí a fẹ́: bí a ṣe lè gbé e dìde láìpàdánù dátà.

Ẹni tó bá ka èyí ti mọ ìdáhùn kó tó ka ìlà tó kẹ́yìn. Slot (àmì tí PostgreSQL fi ń rántí ibi tí sáfà kejì ka dé) tí ẹ fi sílẹ̀ ń dúró de sáfà tó ti kú, ìdí nìyẹn tí PostgreSQL ò fi ju WAL (àkọsílẹ̀ ìyípadà inú dátábéèsì) kankan nù. Ẹ fi ààyè kún díìsìkì, ẹ tan PostgreSQL, ẹ wo `pg_replication_slots`, kí ẹ fi `pg_drop_replication_slot` yọ slot náà.

Ẹ má wọ pg_wal lọ fi ọwọ́ pa fáìlì rẹ́ nítorí ẹ rí “wal” tí ẹ rò pé lọ́ọ̀gì ni. Àwọn fáìlì yẹn ni dátábéèsì fi ń rántí ohun tí kò tíì kọ parí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Fún ìdánrawò, ẹ lo ìpele wàhálà tó kéré jù, ẹ béèrè ohun gidi: “Ṣé ẹ̀dà wa yìí wà lábẹ́ àdéhùn?” Ẹ so ìròyìn náà mọ́ ọn.

Àyẹ̀wò: ẹ ti gba nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, èèyàn ló dáhùn, kì í ṣe ẹ̀rọ, ìdáhùn sì bá wákàtí tí ẹ kọ ní abala 3 lókè mu. Ẹ kọ nọ́ńbà oníbàárà, nọ́ńbà fóònù olùtajà àti orúkọ èèyàn yín méjèèjì sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sáfà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú ímeèlì, tí sáfà ímeèlì náà bá wà lára ohun tó kú ńkọ́?

## 7. Bí wọ́n bá fẹ́ wọlé sínú sáfà yín

Ẹ má fún wọn ní root (orúkọ alábòójútó tó lágbára jù), ẹ má sì fún wọn ní orúkọ tiyín. Ẹ ṣí orúkọ tó ní ọjọ́ ikú tirẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ tó bá tiyín mu sí i, bí àpẹẹrẹ:

```
sudo useradd -m -s /bin/bash -e 2026-07-15 olutaja
```

Kọ́kọ́rọ́ SSH wọn (fáìlì tí wọ́n fi ń wọlé láti òkèèrè) ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà lórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú tmux (ètò tí èèyàn méjì lè fi wo iṣẹ́ kan náà) kí ẹ lè jókòó wò ó, ìlà dé ìlà. Ohun tí ẹ bá rí kọ́ níbẹ̀ lè dín tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ kù.

Bí wọ́n bá parí, àwọn kan á tẹ `passwd -l olutaja`, wọ́n á ní àwọn ti tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni ìyẹn tì. Kọ́kọ́rọ́ SSH ṣì ń ṣí i. `sudo userdel -r olutaja` ni kí ẹ lò.

Àyẹ̀wò: `who` ò fi olutaja hàn mọ́, `id olutaja` ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ sì ti gbé káàdì oníbébà padà sínú dúrọ́ọ̀.